Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n: Projẹ́kítọ̀ wo ló yẹ ká rà fún sinimá inú ilé?

Lẹ́tà projẹ́kítọ̀ ló kún àpótí wa lóṣù yìí, ó dà bíi pé gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà lókè ọ̀hún, láti Gwarinpa títí dé Sabon Gari ní Kánò, ló fẹ́ sọ pálọ̀ di sinimá lẹ́ẹ̀kan náà. Mo mú mélòó kan nínú wọn, mo gé àwọn tó gùn jù kúrú, ẹni tí kò bá rí tiẹ̀ kó má bínú, ó ṣeé ṣe kí ìdáhùn ẹ̀ wà nínú ti ẹlòmíì.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ fẹ́ ra projẹ́kítọ̀ tó dáa sílé, torí tá a bá kó àwọn ọmọ lọ sinimá lópin ọ̀sẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì, gúgúrú, mínírà, owó epo mọ́tò, ó ti ń ju agbára lọ. A dé plaza kan ní Wuse 2, wọ́n gbé ọ̀kan jáde fún wa, wọ́n kọ 9,000 lumens sára páálí ẹ̀, wọ́n tún kọ 4K gàdàgbà sí i, owó ẹ̀ ò sì tó ìdámẹ́ta owó Epson kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tí wọ́n kọ 3,000 péré sí. Bàbá àwọn ọmọ ní kí la tún ń wò, ká gbé ti 9,000. Ṣé ká gbé e? Pálọ̀ wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 14 sí 12, fèrèsé ńlá méjì, POP funfun, táìsì funfun.*
— Ìyá Ìbejì, Gwarinpa

Ẹ má gbé e o, Ìyá Ìbejì. Ẹ bá mi kí Bàbá Ìbejì dáadáa, ẹ ní mo ní kí wọ́n fi owó yẹn sápò ná.

Lumens ni wọ́n fi ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ṣe pọ̀ tó. Èyí tó ṣeé fọkàn tán ni èyí tí wọ́n bá kọ ANSI lumens sí, tàbí ISO 21118, torí àwọn yẹn ní ìlànà tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: wọ́n á tan àwòrán funfun gbòò, wọ́n á wọn ìmọ́lẹ̀ níbi mẹ́sàn-án lójú ẹ̀, wọ́n á wá fi ìpíndọ́gba ẹ̀ ṣírò. Páálí tó bá kàn kọ "lumens" lásán, tàbí tó kọ "LED lumens", ẹni tó tẹ páálí náà ló mọ ibi tó ti rí i. Ọ̀nà kan wà tẹ́ ẹ lè fi mú wọn nínú ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, ẹ yí ẹ̀rọ náà padà, ẹ wo iye wáàtì tí wọ́n kọ sídìí ẹ̀. Projẹ́kítọ̀ onígílóòbù tó ń gbé 3,000 lumens tòótọ́ jáde máa ń jẹ iná bíi wáàtì 300, ó lè dín díẹ̀, ó lè lé díẹ̀. Èyí tó wá ní òun jẹ́ 9,000, tó jẹ́ pé wáàtì 70 ló ń jẹ, níbo ló ti fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀ yẹn mú jáde? Bẹ́ ẹ bá fi àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí wọ́n tan wọ́n sára ògiri kan náà, Epson yẹn á fi ojú ẹlòmíì gbolẹ̀.

Ti 4K yẹn náà, ẹ lọ ka ohun tí wọ́n kọ dáadáa, ẹ máa rí "supported" lẹ́tà kéékèèké lẹ́yìn ẹ̀. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé bẹ́ ẹ bá fi fíìmù 4K sí i, á gbà á wọlé, á wá fún un wọnú ìwọ̀nba pixel (àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) tó ní nínú, tó sábà máa ń jẹ́ 1280 × 720, òmíì ò ju 854 × 480 lọ. Ẹ bi oníṣọ́ọ̀bù ní native resolution, ìyẹn iye pixel tó wà nínú ẹ̀rọ náà gan-an. Full HD gidi jẹ́ 1920 × 1080, ìyẹn bíi pixel mílíọ̀nù méjì, 4K jẹ́ 3840 × 2160, ìyẹn lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ. Ẹni tí kò bá lè dáhùn native, ẹ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Mo tún gbọ́dọ̀ sọ pé ọ̀pọ̀ 4K tó jẹ́ ojúlówó pàápàá, tó jẹ́ ti DLP (màá ṣàlàyé ẹ̀ nísàlẹ̀), chip Full HD ni wọ́n lò nínú ẹ̀ tí wọ́n ń mì ín kíákíá sí ọ̀nà mẹ́rin kí àwòrán lè pé, ìyẹn ò burú rárá, ojú ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ lórí àga. Àwọn tí pixel wọn pé lójú ara wọn láìmi nǹkankan ni Sony àti JVC ńláńlá, àmọ́ owó wọn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ tó ju gbogbo èyí lọ ni ti pálọ̀ yín. Projẹ́kítọ̀ ò lè tan òkùnkùn sára ògiri. Dúdú tẹ́ ẹ máa rí lójú àwòrán, àwọ̀ ògiri tàbí aṣọ sikirínì yín náà ni nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ò bà á. Bí oòrùn Àbújá bá ń wọlé lójú fèrèsé méjì yẹn lọ́sàn-án, dúdú yín á di eérú, gbogbo fíìmù tí wọ́n yà lóru á dà bí ìgbà tí wọ́n da omi lú u, kò sí iye lumens tó máa tún un ṣe. Kódà lálẹ́, POP funfun àti táìsì funfun yẹn á máa gba ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwòrán, wọ́n á sì máa dá a padà sójú àwòrán náà, ohun tó fà á nìyẹn tí ẹni méjì fi máa ra ẹ̀rọ kan náà tí ti ọ̀kan á dáa ju ti èkejì lọ. Kọ́tìnì tó nípọn tó ń dí ìmọ́lẹ̀ pátápátá, kápẹ́ẹ̀tì tó dúdú díẹ̀ níwájú àwòrán, kẹ́ ẹ sì kun ògiri tó yí àwòrán ká ní àwọ̀ tí kì í dán, irú bí eérú tàbí búlúù tó ki. Tẹ́ ẹ bá lè kun POP náà, ó dáa jù, àmọ́ mo mọ̀ pé bàbá onílé lè máà gbà.

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, àmọ́ tí yàrá bá ṣókùnkùn dáadáa, ìmọ́lẹ̀ tẹ́ ẹ nílò ò pọ̀ rárá. Sinimá ńlá tẹ́ ẹ ń sanwó fún yẹn, ìlànà SMPTE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà fíìmù tó wà ní Amẹ́ríkà, ni pé kí ojú aṣọ wọn jẹ́ 16 foot-lamberts, ìyẹn ìwọ̀n bí ojú aṣọ ṣe mọ́lẹ̀ tó. Bá a bá ṣírò ẹ̀ fún àwòrán 100 íńṣì (láti igun sí igun ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n) lára aṣọ funfun lásán, 500 ANSI lumens ti tó o. Kí ló dé tí mo ṣì fi ní kẹ́ ẹ wá 2,000 sí 3,000? Àkọ́kọ́, mode tó mọ́lẹ̀ jù ni wọ́n fi ń wọn nọ́ńbà yẹn, àwọ̀ ẹ̀ sì máa ń fà sí ti ewé, tẹ́ ẹ bá yí i sí mode fíìmù, apá kan á lọ ńbẹ̀. Èkejì, gílóòbù ń darúgbó. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin náà á fẹ́ tan iná kékeré kan tí àwọn ọmọ á fi rí ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ohun tí mo máa fi wé ẹ̀rọ méjì ni contrast, ìyẹn bí dúdú ẹ̀ ṣe jìnnà sí funfun ẹ̀ tó, kì í ṣe lumens. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra, nọ́ńbà contrast táwọn tó ń ṣe é ń kọ sí páálí sábà máa ń jẹ́ "dynamic", ẹ̀rọ náà á dín iná ẹ̀ kù nígbà tí àwòrán bá dúdú, á gbé e sókè nígbà tó bá funfun, wọ́n á wá fi ìkan pín èkejì, á di mílíọ̀nù. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa rí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni pé kí wọ́n tan fíìmù tó ní òru nínú, tó ní iná mọ́tò tàbí òṣùpá nínú ẹ̀, nínú yàrá tó ṣókùnkùn, kẹ́ ẹ fi ojú ara yín wò ó. Oníṣọ́ọ̀bù tó bá kọ̀ láti pa iná ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó mọ ohun tó ń bò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni DLP àbí 3LCD. Epson ló ń ta 3LCD jù, gíláàsì kékeré mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀, ìkan fún pupa, ìkan fún ewé, ìkan fún búlúù, àwọ̀ ẹ̀ máa ń jinná dáadáa. DLP ni BenQ àti Optoma, dígí kéékèèké tó pọ̀ rẹpẹtẹ ló wà lórí chip ẹ̀ tí wọ́n ń dẹ̀ síwá sẹ́yìn, Larry Hornbeck ló ṣe é ní Texas Instruments lọ́dún 1987, wọ́n fún un ní Oscar fún un ní 2015, bẹ́ẹ̀ ni, Oscar gidi, ẹnjiníà náà ń gbà á. Àwòrán DLP máa ń mú kedere, àmọ́ nínú àwọn tó ní chip kan ṣoṣo, àwọ̀ ń wọlé tẹ̀ léra wọn ni, ojú àwọn kan máa ń rí i bí òṣùmàrè tó kọjá fìrí, ó sì ń fún wọn ní orí fífọ́. Kẹ́ ẹ tó sanwó, kí gbogbo ilé wá síbẹ̀, kí wọ́n tan lẹ́tà funfun sórí dúdú, kí oníkálukú yí ojú kíákíá láti ọ̀tún sí òsì. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan nínú yín ló rí i, ẹ mú 3LCD.

Ti ìjìnnà. Ẹ máa rí throw ratio nínú ìwé ẹ̀, ìjìnnà lẹ́ńsì sí ògiri ni, tí wọ́n pín sí fífẹ̀ àwòrán. Àwòrán 100 íńṣì fẹ̀ tó mítà 2.21, ìyẹn lé ní ẹsẹ̀ bàtà méje díẹ̀. Tí throw bá jẹ́ 1.5, ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ wà ní bíi mítà 3.3, ẹsẹ̀ bàtà 11, pálọ̀ yín gba ìyẹn, á ku àyè fún wáyà lẹ́yìn ẹ̀. Tí bàbá bá ní 120 íńṣì lòun fẹ́, ó ti di mítà mẹ́rin, ẹ̀rọ náà á wọ inú ògiri lọ. Àga yín, ẹ fi sí ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 13 sí àwòrán.

Nítorí náà, Full HD native tàbí 4K oní-DLP tó ń mì yẹn, 2,000 sí 3,000 ANSI, tí wọ́n ṣe fún ilé, tí kì í ṣe ti ọ́fíìsì, nínú Epson, BenQ tàbí Optoma, kẹ́ ẹ fi owó kọ́tìnì àti sìpíkà sọ́tọ̀ ṣáájú. Bó bá jẹ́ pé ọ̀sán lẹ ó máa wò ó jù, tẹ́ ẹ ò sì fẹ́ fa kọ́tìnì, ẹ ra tẹlifíṣọ̀n ńlá, mo ń sọ òótọ́ fún yín.

*Ṣé dandan ni kí n ra aṣọ sikirínì? Ògiri mi funfun, kò ní ìdọ̀tí.* — Òǹkàwé kan, Lugbe

Kì í ṣe dandan. Ẹ kọ́kọ́ tan án sára ògiri fún oṣù kan, ẹ ó mọ bí àwòrán ṣe tóbi tó tẹ́ ẹ fẹ́, torí ọ̀pọ̀ ń ra aṣọ 120 tí wọ́n á wá rí i pé ọrùn ń dun àwọn. Àmọ́ ògiri tí wọ́n fi ọ̀dà tó ń dán kùn á máa tàn yanran láàárín, kí ẹni tó kun ilé bá yín fi èyí tí kì í dán kùn ún, kó fi sandpaper fá a kó tẹ́ pẹrẹsẹ kó tó kùn ún. Bẹ́ ẹ bá wá fẹ́ ra aṣọ, matte white, ìyẹn funfun tí kì í dán, tí gain ẹ̀ (bó ṣe ń dá ìmọ́lẹ̀ padà tó) jẹ́ 1.0 ti tó. Aṣọ ALR tó ń lé ìmọ́lẹ̀ òkè sẹ́yìn wọ́n púpọ̀, àwọn tó ra projẹ́kítọ̀ tó ń jókòó sábẹ́ ògiri gan-an ló wúlò fún. Ìyẹn náà, tí ọmọdé bá wà nílé, ẹ kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má tẹ̀ wo inú lẹ́ńsì ẹ̀, lésà ni.

*Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ra tuntun, wọ́n wá ní kẹ́ni tó bá fẹ́ èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ mówó wá. 4,000 lumens ni, wọ́n kọ XGA sí i lára, wọ́n sì ní gílóòbù ẹ̀ ò tíì lò ju 300 wákàtí lọ. Owó ẹ̀ ò pọ̀. Mo fẹ́ fi ṣe sinimá nílé.* — Alàgbà kan, Kàdúná

Alàgbà, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ẹ̀rọ yẹn mọ́lẹ̀ lóòótọ́, torí gbọ̀ngàn tí iná wà ní gbogbo ibi ni wọ́n ṣe é fún, kí ìjọ lè ka ọ̀rọ̀ orin lójú pátákó. Ohun tí fíìmù ń fẹ́ yàtọ̀ sí ìyẹn. XGA jẹ́ 1024 × 768, àwòrán ẹ̀ ga ju bí fíìmù ayé òde òní ṣe rí lọ, nítorí náà bẹ́ ẹ bá fi fíìmù sí i, 1024 × 576 péré lẹ ó rí, ìyókù á di pátákó eérú lókè àti nísàlẹ̀. Dúdú irú àwọn ẹ̀rọ yẹn kì í jinlẹ̀, fáànù wọn sì máa ń pariwo, nínú ṣọ́ọ̀ṣì ẹ ò ní gbọ́ ọ nítorí dùùrù, àmọ́ nínú pálọ̀ lóru, á máa dá sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nínú fíìmù.

Ti 300 wákàtí yẹn, mi ò ní ẹnikẹ́ni purọ́ o, àwọn tó ni ṣọ́ọ̀ṣì ni, àmọ́ ẹ mọ̀ pé wọ́n máa ń dá nọ́ńbà yẹn padà sí òdo nínú mẹ́nù nígbà tí wọ́n bá pààrọ̀ gílóòbù, ẹlòmíì sì ń dá a padà láìpààrọ̀ nǹkankan. Ẹ ní kí wọ́n tan àwòrán funfun gbòò, kẹ́ ẹ wò ó bóyá apá kan pọ́n tàbí ó ní àbàwọ́n aláwọ̀ búlúù, ìyẹn ni pé gíláàsì inú ẹ̀ ti jóná, kò sì sí àtúnṣe olówó kékeré fún un. Kí wọ́n tan dúdú náà, tó bá ní àmì funfun tó dúró sójú kan bí ìràwọ̀, DLP tí dígí ẹ̀ ti ń kú nìyẹn, méjì lónìí, ogún lọ́dún tó ń bọ̀. Kẹ́ ẹ sì wádìí bóyá gílóòbù ẹ̀ ṣì wà lọ́jà, torí ayédèrú ẹ̀ pọ̀, kì í pẹ́. Tó bá la gbogbo ìyẹn já tí owó ẹ̀ sì wọ́ọ́lẹ̀, ẹ gbé e fún bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ lójú àgbàlá lálẹ́, á ṣe yín ní àǹfààní. Sinimá kọ́ o.

*Ọyẹ́ Kánò ń bọ̀. Ẹnìkan ní eruku ló pa projẹ́kítọ̀ òun. Ṣé òótọ́ ni, àbí kí n má rà á mọ́? Sabon Gari ni mo ń gbé.* — Ìyá Oníbẹ̀bẹ̀

Òótọ́ ni, ìyá wa, àmọ́ ẹ rà á. Eruku ọyẹ́ tó ń bò wá láti bíi oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, púpọ̀ nínú ẹ̀ ń bọ̀ láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad, ó kúnná ju àtíkè lọ, kò sí fèrèsé tó dí i tán. Projẹ́kítọ̀ ń fa afẹ́fẹ́ wọlé láti fi tu ara ẹ̀ ni, eruku á bá a wọlé. Nínú 3LCD, bó bá bà lé gíláàsì inú, ẹ ó rí àmì roboto kan tó ní àwọ̀, tó ń hàn nígbà tí fíìmù bá dúdú, kò lè lọ àfi tí wọ́n bá tú u. Idi nìyẹn tí wọ́n fi fi fílítà síbẹ̀: nígbà ọyẹ́, ẹ má dúró de ìgbà tí ẹ̀rọ á fi sọ fún yín, ẹ máa yọ ọ́ lọ́sẹ̀ méjì méjì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ tàbí ẹ̀rọ tó ń fa ìdọ̀tí nu ún, ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, ẹ má fi ẹnu fẹ́ lẹ́ńsì, itọ́ ni yóò bà á. Ọ̀pọ̀ DLP ti ilé báyìí ni wọ́n ti dé inú ẹ̀ pa, fún Kánò, Sókótó àti Màídúgùrì, ìyẹn ni mo máa fi ṣáájú, bí ojú yín ò bá ti rí òṣùmàrè yẹn. Tẹ́ ẹ bá ti wò ó tán tí fáànù ẹ̀ sì ti dákẹ́, ẹ fi aṣọ bò ó. Kí fáànù kọ́kọ́ dákẹ́ o.

Ooru náà ńkọ́, púpọ̀ nínú ìwé wọn ló kọ ọ́ pé 35°C ni òpin ooru yàrá tó lè gbà, àwọn kan dé 40. Oṣù kẹta àti ìkẹrin lọ́dọ̀ yín, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Ẹ má gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ fi àyè sílẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé àti jáde, ẹ lo eco mode, èyí tó ń dín iná ẹ̀ kù, ariwo ẹ̀ náà á dín kù. Àwọn tó kọ̀wé láti Jọ́ọ̀sì pé ṣé àwọn gbọ́dọ̀ tan high altitude mode, èyí tí wọ́n ṣe fún ìlú tó wà lórí òkè, mítà 1,500 ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Jọ́ọ̀sì ò ga tó yẹn, ẹ gbàgbé ẹ̀, àwọn ará òkè Mambilla ló kàn.

*Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ iná ni tèmi. Ìgbà tí fíìmù bá dùn ni NEPA máa ń mú un. Ínfátà 1 kVA ni mo ní pẹ̀lú bátìrì 200Ah kan. Ṣé á gbé e? Ọ̀rẹ́ mi ní bí iná ṣe ń lọ lójijì yẹn ló ń pa gílóòbù.* — Bàbá Tíṣà, Kubwa

Òótọ́ lọ́rẹ̀ẹ́ yín sọ, Bàbá Tíṣà, ohun tí mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kà á gbọ́ nìyí, torí àwọn tó ń kọ̀wé nípa projẹ́kítọ̀ lókè òkun kì í rántí ẹ̀. Gílóòbù mẹ́kúrì inú projẹ́kítọ̀ máa ń gbóná gan-an. Tẹ́ ẹ bá fi rìmóòtù pa á, fáànù á ṣì máa fẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó dákẹ́. Tí NEPA bá já a gbà lójijì, fáànù dúró, ooru há mọ́ inú, ẹ̀mí gílóòbù ń gé kúrú díẹ̀díẹ̀. Bí iná bá tún padà ní ìṣẹ́jú kan, ó lè kọ̀ jálẹ̀ kó má tàn, ẹ ó rò pé ó ti bàjẹ́, kò bàjẹ́, ó gbóná jù ni, ẹ fi í sílẹ̀ kó tutù.

Nítorí náà, ẹni tí ínfátà ẹ̀ ń gba iná wọlé kíákíá ti bọ́. Ẹni tí kò ní, kó ra UPS kékeré bíi 650VA, kì í ṣe kó fi wo fíìmù parí o, kó lè fi pa ẹ̀rọ náà dáadáa ni. Tiyín, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: 12V ní 200Ah jẹ́ 2,400 wáàtì-wákàtí, àmọ́ bátìrì olómi ò fẹ́ kẹ́ ẹ lò ju ìdajì lọ, ó ku 1,200. Projẹ́kítọ̀ 300, sìpíkà 50, dikódà 20, ó ti di 370, tẹ́ ẹ bá yọ èyí tí ínfátà fúnra ẹ̀ ń jẹ, ẹ ó wo bíi wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta. Fíìmù kan á parí, kẹ́ ẹ má ṣáà tan fíríìjì mọ́ ọn. Kí ínfátà náà jẹ́ pure sine wave, ìyẹn èyí tí iná ẹ̀ ń lọ geere bíi ti NEPA.

Lésà àti LED ò ní wàhálà gílóòbù yẹn, iná lọ iná dé ò jẹ́ nǹkankan lójú wọn tó bẹ́ẹ̀, ìdí tí mo fi ń sọ fún àwọn tó bá lówó ẹ̀ nìyẹn pé kí wọ́n lọ tààrà sí lésà. Gílóòbù lásán máa ń ní 3,000 sí 5,000 wákàtí kí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ tó dín sí ìdajì, lésà sábà máa ń jẹ́ 20,000. Ẹni tó ń wo wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, gílóòbù 4,000 á gbé e fún ọdún méjì àti oṣù mẹ́sàn-án, lésà á lé ní ọdún mẹ́tàlá, àwọn ọmọ yín á ti máa lọ Yunifásítì. Iná NEPA tó ń jẹ fúnra ẹ̀ kì í ṣe nǹkan tẹ́ ẹ máa bẹ̀rù, nígbà tí wọ́n gbé Band A sí ₦225 ní oṣù kẹrin 2024, wáàtì 300 fún wákàtí mẹ́ta ò tó ₦210. Ẹ̀rọ amúlétutù tẹ́ ẹ máa tàn sí i nínú yàrá ló ń jẹ owó.

Ẹni tó bá ra tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, kó wo ìdí ẹ̀ kó tó so ó mọ́ iná, tó bá jẹ́ 100–240V ni wọ́n kọ, kò sí wàhálà.

*Ẹ̀gbọ́n, sìtúdẹ́ńtì ni mí ní Zaria, owó mi ò pọ̀. Mo rí èyí kékeré tó ní Android nínú. Ṣé màá lè fi wo Netflix?* — Àbúrò yín

Àbúrò, tó o bá fẹ́ ẹ̀rọ kékeré, wá èyí tó ní Full HD native àti 300 sí 500 ANSI, tan án lóru ní yàrá ẹ, fi mọ sí 60 sí 80 íńṣì, wàá gbádùn ẹ̀. Ti Netflix, ọ̀pọ̀ nínú àwọn olówó kékeré yẹn ni Netflix ò fọwọ́ sí, á kọ̀, tàbí kó ṣí kó máa gbé àwòrán tí kò mọ́ jáde. Ra stick, ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé Netflix jáde, èyí tó ní ìwé àṣẹ, tì í bọ ihò HDMI, gbàgbé Android inú ẹ̀. Má sì jẹ́ kí 4K gbà ọ́ lọ́kàn, Netflix fúnra wọn ní HD lè jẹ dátà tó 3GB ní wákàtí kan, 4K tó 7GB, o ò ní fi owó oúnjẹ wo fíìmù. Bluetooth sí sìpíkà náà, ẹnu á máa ṣíwájú ohùn, lo wáyà.

*Wọ́n fẹ́ bá mi gbé e kọ́ sílíìnì POP lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ni kí n sọ fún wọn?* — Òǹkàwé kan, Lokogoma

Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má so ó mọ́ POP. POP ò lè gbé e, ó lè gbé e fún oṣù mẹ́ta kó wá já lé ẹni tó jókòó sísàlẹ̀. Kí wọ́n gbẹ́ ẹ kan dẹ́kìn tó jẹ́ kọnkéré, tàbí kí káfíńtà fi igi gidi dábùú lókè POP kí wọ́n tó fi bóòtù dè é. Kí wọ́n gbé lẹ́ńsì sí àárín àwòrán gan-an, kì í ṣe kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n wá fi keystone, ètò tó ń fún àwòrán tó wọ́ kó lè dọ́gba, tún un ṣe, torí keystone ń gé nínú pixel tẹ́ ẹ sanwó fún ni. Ẹ̀rọ tó ní lens shift, tí lẹ́ńsì fúnra ẹ̀ ń sún, lè sún díẹ̀ láìba nǹkankan jẹ́.

Wáyà HDMI tó máa gba inú POP kọjá, bó bá ju mítà mẹ́wàá lọ, kí ó jẹ́ èyí tó ń lo fiber, wáyà lásán á máa pa àwòrán 4K. Fiber yẹn sì ní orí àti ìdí o, wọ́n kọ Source sí ẹnu kan, Display sí ẹnu kejì, tí wọ́n bá fà á sódì, kò ní gbé àwòrán kankan. Kí wọ́n tan fíìmù wò látòkèdélẹ̀ kí ẹni tó ń ṣe POP tó di ojú ihò náà pa.